Ariwo Ti Dé, Eré Ṣì Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ fíltà pupa. Gbogbo Èkó ti gbọ́ yín. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò láti Sùúrùlérè dé Ìkòròdú tí a kì í ti í rí ọ̀kan nínú yín lọ́jọ́ Sátidé: bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí gbayawu, ọwọ́ wà ní ìbàdí, ọlọ́kọ̀ Camry Muscle dúró ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan bèèrè pé, “Bọ̀ọ̀dá, kí nìyẹn?”

Ìyẹn ni fíltà afẹ́fẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó wà ní ìhòòhò, èyí tí ẹ ní ó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Àpótí dúdú tí Toyota fi bo ti ilé-iṣẹ́ ti di ohun tí ajá ìta ń sùn sí. Ó yẹ ká yin àwọ̀ fíltà náà, torí pé ó pupa. Ó pupa ju iná búréèkì lọ. Ó bá sítíkà “Stage 1” tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mu, ó bá aṣọ ìjókòó mu, ó bá bàtà ọlọ́kọ̀ mu. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, tówẹ̀lì tó mọ́ ju èyí tí wọ́n fi ń nu ojú lọ ni wọ́n fi ń nù ún. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp: ojú ọlọ́kọ̀ kò sí níbẹ̀, ojú ìyàwó kò sí níbẹ̀, fíltà nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Bí pupa bá jẹ́ agbára ni, ọkọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ ní Mile 12 láti òkè Ọya ìbá máa fi wákàtí mẹ́ta dé. Àní ó pupa, ẹ má jẹ́ ká jiyàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Camry 2007 onílítà 2.4 yẹn, 2AZ-FE ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára ẹṣin 158 ló sì gbé jáde láti ilé-iṣẹ́. Yíyí méjì-méjì ló fi ń fa afẹ́fẹ́ ẹ̀kún ikùn rẹ̀, lítà 2.4, lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ń yí ní 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ bíi lítà 7,200 ló ń wá. Ibẹ̀ nìkan ni fíltà tó gba afẹ́fẹ́ jù ti lè fi nǹkan kékeré kún un. Níbo lẹ ti fẹ́ yí i dé 6,000? Ní Ọ̀jọ́ta? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, 700 tàbí 800 ló ń yí. Throttle, ìlẹ̀kùn kékeré tí ẹsẹ̀ yín ń ṣí, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé pátápátá nígbà náà, òun gan-an ló ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ẹ lè yọ fíltà kúrò, kí ẹ fi agbọ̀n rọ́pò rẹ̀, kò ní mọ̀.

Kódà, ẹ̀yìn lẹ sún ọkọ̀ náà sí. Ẹnu ihò tí Toyota ṣe wà níwájú, lókè rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń wọlé. Ẹ̀yin gé e, ẹ gbé fíltà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Tí ìta bá jẹ́ 30°C, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 60°C, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fà fi bíi ìdá 9 nínú 100 fúyẹ́ ju ti ìta lọ. Bírénbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń ka ìgbóná yẹn, á sì fa àsìkò iná pílọ́ọ̀gì sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì má bàa nọ́ọ̀kì, ìyẹn kí epo má bàa bú gbàù nínú sílíńdà láìtọ́. Ohun tó kù fún yín ni “hùùù”. Ẹ sì ń pe “hùùù” ní ẹṣin.

Ti páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti fíltà lọ sí ẹ́ńjìnnì tún wà. Sẹ́ńsọ̀ MAF ń wọn afẹ́fẹ́ pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tó gbóná, ìwọ̀n páìpù tí ilé-iṣẹ́ fún un ló sì fi ń ṣírò. Ká ní 70 mm ni páìpù àkọ́kọ́, tí ti Ládípọ̀ tí ẹ rà sì jẹ́ 76 mm: afẹ́fẹ́ tó ń kọjá á fi bíi ìdá 18 nínú 100 ju èyí tí sẹ́ńsọ̀ ròyìn lọ. Epo á kéré sí afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ oxygen tó ń tọ́ èéfín wò á máa bẹ bírénbọ́ọ̀sì pé kó fi epo kún un, títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, iná check engine á tàn, rewáyà á síkáànù, P0171, àmì pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, á yọ. Bí kílíìpù họ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn MAF bá sì dẹ̀, P0171 kan náà ni. Kí wá ni ọmọkùnrin wa ṣe? Ó fi téèpù dúdú bo iná náà.

Fíltà òwú ni púpọ̀ nínú wọn, òróró la sì ń fi pa á kó tó lè mú eruku. Ẹ̀yin ń rọ òróró sí i bí ẹni tó fẹ́ dín dòdò. Òróró náà á fò lọ bá wáyà MAF, wáyà á ya òpùrọ́. Ẹlòmíì fọ̀ ọ́, kò pa á ní òróró rárá, ó sì ń wa ọkọ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ fi ìka nu inú họ́ọ̀sì lẹ́yìn fíltà: tí ìka bá kan eruku, iyanrìn ti ń ha ara sílíńdà nìyẹn. Lára 2AZ-FE ọdún 2007 sí 2009 ni! Ẹ́ńjìnnì tí mímu ọ́ìlì ti mọ́ lára láti ilé-iṣẹ́, tí Toyota Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní láti ṣètò àtúnṣe ríìngì àti písítìnì fún. Ẹ wá ń fún un ní iyanrìn jẹ.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbé páìpù sísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà, kí afẹ́fẹ́ lè tutù, afẹ́fẹ́ yín tutù lóòótọ́. Omi Àjàh náà tutù. Písítìnì kò lè fún omi pọ̀, kọ̀ńrọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀. Tó bá kú sínú àgbàrá, ẹ má tún un sítáàtì o! Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí omi jáde, kí ẹ tó yí i.

Ìyẹn tíì dé orí tune, títún ẹ́ńjìnnì tò kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa? Ọkọ̀ Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n ń tò pọ̀ lójú ọ̀nà Bádágrì nígbà kan rí, abọ́ ọ́ìlì ni fíltà rẹ̀, eruku á kú sínú ọ́ìlì. Tí a bá ní ká tún un, mẹkáníìkì á fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo fáàfù ní 0.15 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, á fi àlàfo 0.4 mm sí kọ́ńtáàkì, á fi etí lé orí sukudiráfà, á dákẹ́. Ó dákẹ́! Ta ló ń dákẹ́ lóde òní? Àpótí kékeré tó ń tanná ni wọ́n ń kì bọ ihò OBD2 lábẹ́ sítíárì, ibi tí wọ́n ti ń bá bírénbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ju kó tanná lọ. Àwọn tó mọ̀wé jù wọ́n gbé láàpútọ́ọ̀pù wá. Wọ́n kọ máàpù, ìlànà epo àti iná pílọ́ọ̀gì, tí a ṣe fún epo 93 ti Amẹ́ríkà, tó tó bíi 98 ní òṣùwọ̀n RON tó ń sọ bí epo ṣe lè kọ nọ́ọ̀kì tó, sínú ọkọ̀ tó ń mu epo wa tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 91. Á máa nọ́ọ̀kì, bírénbọ́ọ̀sì á fa iná sẹ́yìn, agbára tí ẹ rà á padà sílé. Ẹni tó bá ti pa etí sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì di, etí písítìnì ló máa fọ́. Ọkọ̀ onítọ́bò, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, lè rí èrè gidi nínú tune. Tiyín kò ní tọ́bò.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti sàlẹ́ńsà tó ń yìnbọn. Aago kan òru, àdúgbò tí olè ti jà rí, “gbà-gbà-gbà!” Ìyá arúgbó ti dojú bolẹ̀. Epo tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dà sínú sàlẹ́ńsà ló ń jó yẹn, katalísíìtì tó ń fọ èéfín mọ́ ló sì ń yọ́. Ẹ kò ní ojútì!

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ yá lára, kó dá àpótí dúdú padà, kó fi fíltà oníwèé tuntun sí i, kó fọ MAF pẹ̀lú sípíréè tí wọ́n ṣe fún un láìfọwọ́kan wáyà, kó nu throttle, kó ra pílọ́ọ̀gì irídíọ́ọ̀mù tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1.1 mm. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára láàpútọ́ọ̀pù, ẹ gba fáìlì àtilẹ̀wá bírénbọ́ọ̀sì yín sọ́wọ́ kí wọ́n tó kọ ohunkóhun, kí ẹ sì so ṣájà mọ́ bátìrì. Tí iná bátìrì bá já wálẹ̀ lágbedeméjì ìkọ̀wé, bírénbọ́ọ̀sì lè kú síbẹ̀. Tokunbọ̀ tí ẹ bá rà rọ́pò rẹ̀ lè má mọ kọ́kọ́rọ́ yín, tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ ó tún wá ẹni tó máa fi wọ́n mọra, ẹ ó sì sanwó ìyẹn náà lọ́tọ̀.