Oòrùn Ojú Ọ̀run Kọ́ Ló Ń Sọ Bí Omi Ṣe Rí: Ìdí Tí Òmùwẹ̀ Pàápàá Fi Gbọ́dọ̀ Wọ Láìfù Jákẹ́ẹ̀tì

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa nínú oṣù karùn-ún, tí afẹ́fẹ́ ìlú Chicago sì gbóná dé nǹkan bíi dígírì 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èbúté Montrose máa ń kún fún àwọn tó ti ń retí ọjọ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ wọn kúrò lórí Adágún Michigan ní ọdún tó kọjá. Àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà wà lára wọn, pẹ̀lú kúlà oúnjẹ àti ohun mímu, pẹ̀lú àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tí a fẹ́ fi adágún hàn. Bí mo bá na láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ ìléfòó tó ń gbé orí ènìyàn sókè omi, sí àgbàlagbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀ mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, èsì kan náà ni mo sábà máa ń gbọ́: òun mọ̀ ọ́n wẹ̀, oòrùn sì mú, kí n fún àwọn ọmọdé.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá, n kò sì fojú òpònú wo ẹni tó gbà á gbọ́. Ẹni tó kọ́ ìwẹ̀ nínú ọ̀sà ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú kọ́ ọ nínú omi tí kì í tutù débi tí yóò fi gba èémí lẹ́nu ènìyàn, yálà ní ìgbà òjò tàbí ní ìgbà ọyẹ́. Jíjìn omi, agbára ìṣàn rẹ̀ àti ìgbì ni àwọn àgbà kọ́ ọ pé kó bẹ̀rù. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n bí sí etí adágún yìí náà gbà pé bí òde bá ti gbóná, omi ti gbóná nìyẹn. Ṣùgbọ́n apá méjèèjì èrò náà ni kò tọ̀nà. Oòrùn kò lè sọ fún wa bí omi ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni mímọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń gbani ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí omi tútù bá gbani mọ́ra.

Adágún Michigan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Adágún Ńlá márùn-ún ti Àríwá Amẹ́ríkà, òun nìkan ṣoṣo ni Amẹ́ríkà kò bá Kánádà pín nínú wọn, ibi tó sì jìn jù nínú rẹ̀ tó mítà 281. Omi tó pọ̀ tó báyìí kì í tètè gbóná. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí kò níyọ̀ ní ìwà kan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ìgbà tó bá wà ní dígírì 4 ló máa ń wúwo jù. Nítorí náà, nígbà tí oòrùn ìgbà ìrúwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ràn sórí adágún tí òtútù ti mú kó tutù kọjá ìwọ̀n yẹn, omi òkè tó ń yá díẹ̀díẹ̀ kì í dúró lókè, ńṣe ló ń wúwo sí i tó ń rì lọ sísàlẹ̀, tí omi tó tutù jù ú lọ sì ń gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Ó di ìgbà tí gbogbo omi ibẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bá dé dígírì 4 kí ojú adágún tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ooru jọ. Etí omi tí kò jìn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ nínú ipò yìí, ṣùgbọ́n àárín adágún lè wà bẹ́ẹ̀ títí wọ oṣù kẹfà. Ẹni tó wọ aṣọ pélébé lábẹ́ oòrùn dígírì 25 lè máa wa ọkọ̀ lọ lórí omi tí kò tó dígírì 10, kó má sì fura rárá, nítorí kò sí ohun tí ojú lè rí lára omi náà tó yàtọ̀ sí ti oṣù kẹjọ.

Ohun tí omi bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ara ni mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, tó ti wọ inú omi yìnyín fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nítorí iṣẹ́ ìwádìí, pín in sí ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti wákàtí kan. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, awọ ara tó bá omi tútù pàdé lójijì a mú kí ènìyàn mí kanlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kó máa mí hẹlẹhẹlẹ láìlè dá a dúró, kí ọkàn rẹ̀ máa lù kìkì, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gbéra sókè. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà tí mímí kanlẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn dé, omi ló máa fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè fi ọgbọ́n ìwẹ̀ dá èyí dúró, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ọpọlọ ń pinnu. Ẹni tó bá la ìṣẹ́jú yẹn já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu, nítorí ara yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti fi dáàbò bo ọkàn. Ìka yóò le, kò ní lè di okùn mú, kò sì ní lè de bọ́kù láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá jù sí i. Ó tó wákàtí kan kí òtútù tó gba iyè ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé òtútù ló pa ẹni tó kú sínú adágún ní ìgbà ìrúwé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò pẹ́ láyé tó kí òtútù fúnra rẹ̀ tó pa wọ́n. Omi ni wọ́n mu.

Mo ti fi ara mi mọ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀ síwájú láti etí dọ́kì kí n lè mú okùn ọkọ̀ tó ń sá lọ, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Inú omi kékeré ni mo bọ́ sí, ìyàwó mi sì dúró ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi, síbẹ̀ n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Mo la ẹnu, èémí nìkan ló ń jáde. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ ti fipá mú mi wọ̀ kí a tó kúrò nílé ló gbé ojú àti imú mi sókè títí mímí mi fi padà sí bó ṣe yẹ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Nínú ìròyìn tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà ṣe nípa ọdún 2023, ènìyàn 564 ló kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Nínú àwọn tí wọ́n mọ ohun tó pa wọ́n, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú sínú omi, ìdá 87 nínú àwọn wọ̀nyí ni kò sì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Òfin pa á láṣẹ pé kí ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló gbé e dání, wọ́n kàn tò ó sábẹ́ àga ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà ka ohun tí mo sọ nípa ìka lókè yìí, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹni tó ti bọ́ sínú omi lè ráyè wá a lábẹ́ àga.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lóṣù keje àti ìkẹjọ, omi etíkun Chicago máa ń gbóná ju dígírì 20 lọ, ìgbà náà sì ni ìgbádùn adágún pé pérépéré. Àwọn ọkọ̀ a so mọ́ ara wọn ní ibi tí wọ́n ń pè ní Playpen, nítòsí etíkun Oak Street, orin a máa lọ, àwọn ọmọ a máa fò sínú omi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, atẹ́gùn lè ti omi gbígbóná òkè kúrò ní etíkun láàárín òru kan, kí omi tútù ìsàlẹ̀ gòkè wá dípò rẹ̀, kí ẹni tó wẹ̀ lánàá pẹ̀lú ìrọ̀rùn bá omi mìíràn pátápátá pàdé lónìí. Ọkọ̀ tí kò so mọ́ nǹkan náà a máa tẹ̀lé atẹ́gùn lọ, ó sì máa ń yára ju ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé òun yóò gbọ́ igbe: ẹni tí omi ń gbé lọ kì í sábà lè kígbe tàbí ju ọwọ́, nítorí mímí ni gbogbo agbára tó kù ń bá lọ.

Ohun kan wà nípa ìgbà ìwọ́wé tí ọ̀pọ̀ kò gbà gbọ́ títí wọn yóò fi tọwọ́ bọ omi: omi oṣù kẹsàn-án gbóná ju ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òde ti ń tutù. Atẹ́gùn ló yẹ kí a máa ṣọ́ nígbà náà, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tó ń gba orí omi gbígbóná kọjá máa ń ru ìgbì sókè. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1975, Edmund Fitzgerald, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, rì sínú Adágún Superior, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Adágún Ńlá márùn-ún, pẹ̀lú gbogbo ọkùnrin 29 tó wà nínú rẹ̀. Kí àkókò yẹn tó dé, ọkọ̀ kékeré bíi tiwa ti yẹ kó wà lórí ilẹ̀, kí wọ́n ti fa omi kúrò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó má baà di yìnyín kó sì la irin.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí mo ń lò báyìí kò tóbi ju bẹ́líìtì tí a gbé kọ́rùn lọ. Ó ń fẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá kan omi, kò sì dí ẹni tó ń fa okùn tàbí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Àgbàlagbà kò nílò ju nǹkan bíi kílò mẹ́ta sí márùn-ún agbára ìléfòó lé tirẹ̀ lọ kí orí rẹ̀ tó dúró lókè omi. Mo tún so tẹmómítà mọ́ okùn gígùn kan. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ mi, mo máa ń jù ú sómi, mo sì máa ń fún ẹni tó bá sọ pé oòrùn mú ní iye tó kọ síbẹ̀ kà fún gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń na láìfù jákẹ́ẹ̀tì sí i lẹ́ẹ̀kejì.