Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ọ̀rọ̀ fún òbí tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé

Àwọn àgbà ní, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn òbí tí wọ́n pinnu láti kọ́ ọmọ wọn fúnra wọn nínú ilé, pàápàá àwọn tí wọ́n yan ẹ̀kọ́ Kristẹni ti àtayébáyé, èyí tí ó mú ìlànà ìkọ́ni àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù wá sábẹ́ àṣẹ Ìwé Mímọ́. Wọ́n gbọ́ pé kékeré ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kíákíá: ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń ka ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn sórí láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, inú òbí sì ń dùn pé iṣẹ́ ti ń lọ. Èrò tèmi ni pé wọn kò gbọ́ òwe náà tán. Ẹ̀ka tí ó ṣì tútù kò béèrè àáké. Ọwọ́ lásán ká a. Òwe tí ó sọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀ fún wa ti sọ bí ọwọ́ wa ṣe yẹ kí ó fúyẹ́ tó pẹ̀lú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní trivium: gírámà, ìmọ̀ ìrònú, àti ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ tí ó ń yí ènìyàn lọ́kàn padà. Láyé àtijọ́, ìṣirò, jiọ́mẹ́tìrì, orin àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún 1947, Dorothy Sayers, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ kan ní Oxford, níbi tí ó ti so ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà: ìgbà àkọ́sórí, tí ọmọ ń sọ ohun tí ó bá gbọ́ bí ayékòótọ́, ìgbà iyàn jíjà, àti ìgbà tí ọ̀dọ́ ń wá bí òun yóò ṣe sọ tinú òun jáde. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n sọ ẹ̀kọ́ yìí jí lóde òní dúró lé. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí obìnrin náà ní lọ́kàn ti gbọ́dọ̀ mọ ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò kéékèèké kí ó tó wọ ọ̀nà àkọ́kọ́ pàápàá. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kọ́ ni ó ń bá wí.

Bí a bá ń wá ẹni tí ó bá òbí ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, kí a padà sẹ́yìn jìnnà ju ìyẹn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 403, Jẹ́rómù, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Látìn, kọ lẹ́tà sí ìyá kan ní Róòmù tí ń jẹ́ Laeta, lórí bí yóò ṣe tọ́ Paula ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi igi tàbí eyín erin gbẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì fún ọmọ náà, kí ó máa fi wọ́n ṣeré, kí eré náà sì di ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n da ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn rú nígbà mìíràn, kí ọmọ lè dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀ lójú, kì í ṣe kí ó kàn mọ̀ ọ́n kọ lórin. Kí ẹlòmíràn di ọwọ́ kékeré náà mú nígbà tí ó bá kọ́kọ́ ń kọ̀wé. Kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn, kí wọ́n sì fún un ní ẹgbẹ́ tí wọn yóò jọ máa kọ́ ọ. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà kórìíra ẹ̀kọ́, nítorí ìkórìíra tí ó bá wọlé ní kékeré lè bá a dàgbà. Ènìyàn líle ni Jẹ́rómù nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì le nínú lẹ́tà yìí kan náà lórí aṣọ àti oúnjẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan álífábẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Éfésù 6:4 pé kí àwọn baba má ṣe mú àwọn ọmọ wọn bínú, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó sì tẹ̀ síwájú láti ní kí wọ́n tọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ Olúwa. Deutarónómì 6:7 fi bí a ó ṣe ṣe é hàn: nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Fún ọmọ ọdún márùn-ún, Sáàmù 23 tí a ń kà ní ẹsẹ kan lójúmọ́, ìbéèrè kan tàbí méjì láti inú kátíkísìmù (ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìgbàgbọ́), àti ìtàn inú Bíbélì tí a kà sókè ketekete ti jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Charlotte Mason, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 1923, kò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ orí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́fà, ó sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ àwọn tí ó kéré jù kúrú. Lẹ́yìn kíkà kan ṣoṣo, ọmọ á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́. Èmi fẹ́ràn àṣà yìí ju ìdánwò lọ, nítorí ọmọ tí ó lè rò ó padà létòlétò ti ń múra sílẹ̀ fún ìmọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ láìmọ̀.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Jẹ́rómù mọ̀ pé ó lè ṣòro fún Laeta, ó sì ní bí kò bá ṣeé ṣe fún un ní Róòmù, kí ó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ìyá àgbà rẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, níbi tí òun fúnra òun, arúgbó tí òun jẹ́, yóò ti máa gbé e lé èjìká. Òbí òde òní lè má ní ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè bá àwọn ìdílé mìíràn pawọ́ pọ̀, kí ẹni tí ó mọ orin kọ́ni ní orin, kí ẹni tí ó mọ ìṣirò kọ́ni ní ìṣirò. Kí ó sì kọ́kọ́ wádìí òfin ibi tí ó ń gbé: kíkọ́ ọmọ nílé bófin mu ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ní Jámánì, òfin ní dandan ni kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé, àfi díẹ̀ kín-ún.

Ní ti Látìn tí ó ń kó ọkàn ọ̀pọ̀ òbí sókè, kò sí ohun tí ó ń lé wa. Orin kan tàbí Pater noster, ìyẹn Àdúrà Olúwa ní èdè Látìn, tó fún ọmọ tí kò tíì lè ka èdè ìyá rẹ̀ geere, kí etí rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ìró èdè náà. Nígbà tí ó bá mọ̀wé kà tán, tí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàrin olùwà àti àbọ̀ nínú gbólóhùn tirẹ̀, kí a ṣí ìwé gírámà, nítorí ìparí ọ̀rọ̀ ni Látìn fi ń ya olùwà sọ́tọ̀ kúrò lára àbọ̀. Òbí tí kò kọ́ Látìn rí lè fi orí kan nínú ìwé ṣáájú ọmọ rẹ̀, kí ó máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ọmọ sì máa bá a wá àṣìṣe tirẹ̀ náà.