Ẹgbẹ́ Ayanfíìmù-Má-Wò-Ó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ti lajú nílùú yìí, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí ìwé ẹ̀rí tàbí mọ́tò. Kó kàn bi í pé fíìmù wo ló wò kẹ́yìn. Bí onítọ̀hún bá dárúkọ fíìmù Yorùbá kan wẹ́rẹ́, tó tún rẹ́rìn-ín sí i, ará ilé lásán nìyẹn. Àmọ́ bó bá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, tó wá ní, "Èmi o, thriller nìkan ni mò ń wò, ìyẹn psychological," ẹ yára gbé àga fún un. Ẹni ńlá ti dé.

Ẹgbẹ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa báyìí tí kò ní alága, tí kò ní akọ̀wé, tí kì í sì í dá owó kankan àfi owó dátà. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ: Ẹgbẹ́ Ayanfíìmù-Má-Wò-Ó. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò ni kí wọ́n máa wá fíìmù tí wọn yóò wò. Wíwò rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò sí nínú ìwé òfin.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Iná wà. (Ẹ má fojú kéré ìyẹn.) Gúgúrú àti ẹ̀pà ti wà nínú abọ́ lórí tábìlì, wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò ọ̀hún sì ti wà lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ. Wọ́n ti pa gílóòbù àárín yàrá, ó ku pupa kékeré tó wà lára ògiri. Baálé ilé di rìmóòtù mú. Thriller ni òun fẹ́: kí wọ́n pa ẹnìkan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ẹni tó pa á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ dírámà àwọn ará Kòríà, olápá 16, níbi tí ọkùnrin á ti lo apá mẹ́jọ gbáko kó tó di obìnrin lọ́wọ́ mú. Àbúrò ìyàwó fẹ́ fíìmù abanilẹ́rù, ṣùgbọ́n ó ní májẹ̀mu: kó má ní ẹ̀jẹ̀, kó má ní iwin, kí wọ́n má pa ajá inú ẹ̀, kó sì jẹ́ ọ̀sán gangan ni gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo bi í pé kí ló wá kù tó máa bà á lẹ́rù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn ni."

Ìyá baálé ilé jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ìyẹn ní nǹkan kan.

Ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lọ sókè, wọ́n sọ̀ sílẹ̀, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. "Èyí ńkọ́?" "Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò mọ eré ṣe." "Èyí?" "2014! Ó ti pẹ́ jù." "Èyí wá ńkọ́?" "Wọ́n ní ìparí rẹ̀ ò dáa." Wọ́n wo trailer kan, gbogbo ìtàn náà sì tán sínú trailer, ta ló tún fẹ́ lọ jókòó ti ohun tó ti mọ bó ṣe parí? Wọ́n wá rí ọ̀kan tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àfi bí baálé ilé ṣe yọ fóònù láti wo máàkì tí IMDb, ìkànnì tí wọ́n ti ń fún fíìmù ní máàkì, fún un: 6.4 nínú 10. Yéè! Ọkùnrin yìí, tó jẹ́ pé third class ló mú jáde ní yunifásítì, tí bàbá rẹ̀ sì pa màlúù nítorí ẹ̀, ló ní òun ò lè fi alẹ́ òun ṣòfò lórí fíìmù tí kò gbà tó 7.

Wọ́n tún ya ọ̀dọ̀ Rotten Tomatoes, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń fi tòmátì díwọ̀n iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn láti 1998. Bí 60 nínú 100 àwọn aṣelámèyítọ́ bá yin fíìmù, tòmátì rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, ó ti rà nìyẹn. "Èyí ti rà," ni ìyàwó sọ. Ìyá tó ta tòmátì lọ́jà Bódìjà kó tó di arúgbó gbọ́ ìyẹn láti kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ tètè gbé e kaná kó tó di àárọ̀."

Àbúrò ìyàwó ti bọ́ sórí Facebook ní tiẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ fíìmù tó máa kó jìnnìjìnnì bá èèyàn, mo ti wo gbogbo ẹ̀ tán." Kò pẹ́ kò jìnnà, ìdáhùn ti ya wọlé. Ẹni tó ti wo gbogbo ẹ̀ tán kò tíì wo ẹyọ kan nínú àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀, síbẹ̀ ó mọ àléébù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí gùn jù. Èyí ọmọdé ló wà fún. Èyí tí gbogbo ayé ń wò, òun kì í wo ohun tí gbogbo ayé ń wò.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn ọlọ́jà ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Netflix, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2016, gbé bọ́tìnnì kan jáde ní 2021: ìwọ ṣáà tẹ̀ ẹ́, wọ́n á bá ọ yan fíìmù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ọ́. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ṣe. Ní 2023, wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí àwọn èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́? Bẹ́ ẹ bá bá ọmọ ẹgbẹ́ yan fíìmù, kí ló máa wá fi gbogbo alẹ́ ṣe? Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló sọ pé fíìmù tó bá mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan. Iye tí yíyan ń jẹ ni wọn ò sọ fún wa, torí trailer ò dúró kéèyàn pè é, ó ń sáré jáde fúnra rẹ̀ ni. Páàsìwọ́ọ̀dù tí àwọn ará ilé Bódìjà sì fi wọlé, ẹ má bi mí. Ti ọ̀rẹ́kùnrin tí àbúrò ìyàwó ti kọ̀ sílẹ̀ ni.

Ẹ má rò pé ayé àtijọ́ ni mò ń yìn o. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1959, ẹyọ ilé iṣẹ́ kan ló ń yàn fún gbogbo èèyàn, ohun tí wọ́n bá sì gbé síwájú ẹni lèèyàn ń wò. Nígbà tó kan Fádèyí Olóró, òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n, tó bá ti ń pọfọ̀, ẹ̀yìn àga làwa ọmọdé ti ń yọjú wò ó, kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a fẹ́ èyí tó ní ẹ̀jẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó wá di iṣẹ́ ọmọkùnrin tó ń yá wa ní fídíò ládùúgbò. Á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ibẹ̀: "Ẹ mú eléyìí, ẹ máa sunkún." A mú un lọ, a sunkún, a dá a padà lọ́jọ́ Ajé kí owó má baà gun orí owó. Àwọn kan nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kò yẹ kí wọ́n fi wọ́n han ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n a wò wọ́n tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ìdẹ́rùbà yẹn. Bí babaláwo inú fíìmù Yorùbá bá ro ẹ̀jẹ̀ ẹyẹlé sórí ìkòkò, tí èéfín bo yàrá, ọmọ ẹgbẹ́ á ṣíwọ́ gúgúrú jíjẹ, á mi orí: "Àwọn èèyàn wa ò lè dàgbà láé. Gbogbo ìgbà òògùn, gbogbo ìgbà àjẹ́." Jẹ́ kí òyìnbó kan wá ro ẹ̀jẹ̀ adìẹ sórí àbẹ́là nínú abà kan ní Amẹ́ríkà, kí ìyá arúgbó kan wà níhòòhò, kó máa fẹ̀yìn rìn lára àjà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà á dákẹ́ rọ́rọ́. Bó bá tán, á ní, "Ṣé ó yé yín? Ọgbẹ́ ọkàn ni àjẹ́ yẹn dúró fún." Àjẹ́ tiwa kì í dúró fún nǹkan kan, ó kàn ń pa èèyàn jẹ ni. Tòyìnbó ló lọ sí yunifásítì.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ wa kéde ní oṣù karùn-ún 2024 pé òfin máa de fíìmù tó bá ń gbé òògùn owó àti fífi èèyàn ṣètùtù lárugẹ, ọmọ ẹgbẹ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí wọ́n ṣe é, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ba orí àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló padà sídìí apá keje ìtàn ọkùnrin kan tó ń kó orí èèyàn sínú fíríìjì. Ìyẹn ò ba ọ̀dọ́ kankan jẹ́. Ti ilẹ̀ òkèèrè ni, wọ́n kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ṣèèṣì wo ìdẹ́rùbà ọ̀hún, ẹ wá wòran. Àdúrà ni wọ́n fi ń ṣí i. "A fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo yàrá yìí." Àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ náà ò kẹ̀rẹ̀, Ayatul Kursiyu ni tiwọn, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á tan gbogbo gílóòbù ilé, wọ́n á yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ẹni tó ń ké tòò nínú fíìmù á dà bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Bí orin bá ti yí padà báyìí, àbúrò ìyàwó á fi ìrọ̀rí bojú: "Ó ti jáde? Ó ti lọ? Ẹ sọ fún mi tó bá ti lọ!" Baálé ilé, akọni, á máa fi rìmóòtù fo ibi tó le. Fíìmù wákàtí méjì, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wò ó, wọ́n á sì máa sin ara wọn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní kò bani lẹ́rù tó bí wọ́n ṣe rò.

Ó dáa. Ní Bódìjà, aago mọ́kànlá ti lù. Gúgúrú ti tán. Wọn ò tíì wo nǹkan kan. Ìyá na ọwọ́ láti kọ̀rọ̀: "Ẹ gbé nǹkan yẹn wá." Ó wọ YouTube, ó tẹ èyí tó kọ́kọ́ yọjú sí i. Fíìmù Yorùbá ni, ọkùnrin olówó kan tí kò mọ̀ pé awakọ̀ tí òun ń gbá létí lójoojúmọ́, ọmọ ìyá òun ni. Baálé ilé dìde, ó ní òun ń lọ sùn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Èmi ò wò ó o, Mọ́mì. Mo kàn dúró ni." Ó kàn dúró níbẹ̀, ọwọ́ lára ilẹ̀kùn, fún wákàtí kan ààbọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbàgbé Kòríà, ó ń ṣépè fún ìyàwó ọ̀gá. Àbúrò ìyàwó ń sunkún láìbojú. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ìyá tó bí wọn yọ fọ́tò àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àkọlé gba ojú tẹlifíṣọ̀n: ẹ máa retí apá kejì. Baálé ilé ló pariwo jù.

Kó tó sùn, ó gbé nǹkan tuntun sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀: pósítà thriller òyìnbó kan tí wọ́n wo trailer rẹ̀ lálẹ́ yẹn, ìràwọ̀ márùn-ún nísàlẹ̀ ẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Fíìmù ńlá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa yé."