Kàpásítọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ alternator
Wọ́n ń pín in kiri pé, bí iná iwájú ọkọ̀ bá ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí básì (ohùn orin tó rinlẹ̀) bá dún, kàpásítọ̀ farad 1 (ohun tó ń tọ́jú iná mànàmáná fún ìgbà díẹ̀; farad ni wọ́n fi ń wọn bí ó ṣe lè gbà tó) nìkan ti tó láti yanjú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní volt 14, nǹkan bí joule (ìwọ̀n agbára) 98 péré ló wà nínú rẹ̀, èyí tí amplifier (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin ga) tó ń fa wáàtì 1,000 lè jẹ tán láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, ló ń fún ọkọ̀ ní iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí mítà volt bá já láti 14 sí 12 bí básì ṣe ń dún, ẹ jẹ́ kí rewáyà kọ́kọ́ yẹ wáyà wò bóyá ó nípọn tó, kí ó tó fi alternator tó lágbára jù ú lọ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kí ó má sì gbàgbé fíúùsì nítòsí bátìrì, ohun tí ọ̀pọ̀ rewáyà máa ń fò.