Ta ló ń san owó tí wọ́n fi ń du .shop?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Ẹ ròyìn bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣe ń du ìparí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì bíi .shop àti .bank, àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba àwa tá à ń ra orúkọ ìkànnì lọ́wọ́ wọn. Ní 2012, $185,000 ni ICANN, àjọ tó ń pín in, gbà lórí ìwé ìbéèrè fún ìparí kan ṣoṣo. Ìbéèrè 1,930 ló wọlé. 17 péré ló ti Áfíríkà wá. Ní 2016, iléeṣẹ́ GMO ti Japan san $41.5 mílíọ̀nù kí .shop tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ara ta ni wọ́n fẹ́ kí owó yẹn ti jáde?

Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú. Àbúrò mi bá mi ra orúkọ tó parí sí .shop. Ọdún àkọ́kọ́, owó táṣẹ́rẹ́. Ọdún kejì, ó di ìlọ́po mẹ́jọ, mo sì ti tẹ orúkọ náà sára ọ̀rá irínwó! Àwọn oníbàárà tiẹ̀ tún ń fi .com lé e lẹ́yìn. Mo ti padà sí .com.ng. Ọ̀rá tó kù, àwọn ọmọṣẹ́ mi ló ń fi í bọwọ́ tí wọ́n bá ń rẹ aṣọ láró.