Pámpáàsì kọ́ ló tẹ ọmọ yín lẹ́sẹ̀

Orí ẹní ni mo tẹ́ Àbẹ̀kẹ́ sí. Mo ti fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, mo ń fi ọwọ́ òsì nu ìdí rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa, ni Màámi wọlé. Wọn ò tíì jókòó, wọn ò tíì gba omi. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo pámpáàsì tuntun tó wà nílẹ̀, wọ́n ní, "Àlàbí, ẹsẹ̀ ọmọ yìí lẹ fẹ́ bà jẹ́ o."

Ìyàwó mi wò mí, mo wò ó. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọmọ oṣù 13 ni Àbẹ̀kẹ́ nígbà yẹn. Ó ti ń dá dúró, ó ń gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kó tó fìdí jókòó. Tó bá sì dúró, èèyàn lè fi àgbálùmọ̀ kan sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì kó má kan ibì kankan. Èyí ni Màámi rí.

Kò sí ẹni tó bímọ ní Abẹ́òkúta tí kò tíì gbọ́ ọ. Wọ́n ní pámpáàsì máa ń la itan ọmọ, tí itan bá ti là, orúnkún á yà, tí orúnkún bá yà, ọmọ á máa rìn bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tí kò rántí sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó ń tà á fún wa ní ẹyọ ẹyọ ní Kútọ̀ gan-an sọ ọ́ fún ìyàwó mi, bó ṣe ń kó o sínú ọ̀rá: "Ẹ má jẹ́ kó máa fi sùn o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, torí ẹsẹ̀ ẹ̀." Ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì. Ọjà tirẹ̀ ni o!

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ní ẹlẹ́rìí púpọ̀ ni, ẹ sì máa rí ibi tí àwọn ẹlẹ́rìí náà ti wá.

Inú ilé ọmọ ni ẹsẹ̀ ti tẹ̀ wá. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ fi ká jọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lé ẹsẹ̀ kan, orúnkún sún mọ́ àyà. Egungun rẹ̀ ṣì rọ̀, ó sì gba bí àyè ṣe gbà á. Gbogbo ọmọ tuntun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, ti àwọn kan kàn hàn ju ti àwọn mìíràn lọ ni. A kì í kíyè sí i nígbà tó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tàbí lórí ẹní. Ọjọ́ tó bá dìde dúró lójú wa ni ẹnu á yà wá, pámpáàsì á sì ti wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà ni ẹ̀sùn máa bá. Bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà tó sì ń rìn, ẹsẹ̀ á máa tò. Láàárín oṣù 18 sí ọdún 2, ti ọ̀pọ̀ ọmọ ti gún. Kò sì tán síbẹ̀, torí láàárín ọdún 3 sí 4, á tún yà sí òdìkejì, orúnkún á máa kan ara wọn, èyí tí a ń pè ní K-lẹ́ẹ̀gì, àwọn ìyá á tún pariwo. Tó bá fi máa di ọmọ ọdún 7, ó ti dúró síbi tó máa dúró sí.

Ẹ wá bá mi ṣírò ọjọ́. Ìgbà wo la máa ń já ọmọ kúrò lára pámpáàsì nílé wa? Bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì, nígbà tó bá ti lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀, tí a ti ń gbé e sórí póò. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ń tò fúnra rẹ̀. Ìyá á bọ́ pámpáàsì lónìí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á wo ẹsẹ̀ ọmọ, á rí i pé ó ti ń gún. Ta ló máa wá sọ fún un pé kì í ṣe pámpáàsì tó bọ́ ló ṣe é? Ó fojú ara rẹ̀ rí i! Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ ọmọ láràárọ̀, ti ẹni tó ń fi òrí fà á, ti ẹni tó gbé e lọ síwájú wòlíì. Gbogbo wọn ló jẹ́rìí, kò sì sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Ẹsẹ̀ tó ń lọ sílé fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn bá pàdé lọ́nà, tí kálukú ní òun ló mú un délé.

(Òrí fífi pa ọmọ lára kò burú o. Ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn òórùn rẹ̀. Fífà àti títẹ̀ tó ń mú ọmọ ké lóró ni mi ò fẹ́ rí, àti omi tó gbóná tó èyí tí wọ́n fi ń ro àmàlà.)

Mo bi Màámi léèrè lọ́jọ́ náà: "Ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́?" Fọ́tò kan wà nínú pálọ̀ wa ní Ìjẹmọ̀, dúdú àti funfun, tí Bàbá wa yà pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wọn. Ṣòkòtò péńpé ni wọ́n wọ̀, ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ajá kékeré lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìtẹrí ba. 1948 ni wọ́n bí Bàbá. 1961 ni ilé iṣẹ́ Procter & Gamble kọ́kọ́ gbé Pampers jáde ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí a wá fi ń pe ti gbogbo ilé iṣẹ́ bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Ómò. Bàbá ti tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ sóko nígbà náà. Àkísà ìró ìyá wọn ni wọ́n fi tọ́ wọn.

Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ti Bàbá, àjogúnbá ni, bí ti bàbá wọn ṣe rí nìyẹn. Òótọ́ sì ni, àwọn ìdílé kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kì í gún tán, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé tó bá jẹ́ ti ọkọ wọn, àjogúnbá ni, tó bá jẹ́ ti ọmọ mi, pámpáàsì ni.

Mo tiẹ̀ mú pámpáàsì kan tí a kò tíì lò, mo da píọ̀ wọ́tà kan sí i díẹ̀díẹ̀. Ìlàjì lítà ni, ó sì gbé e mì. Mo wá fi sáàsì já a. Òwú pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀, àti àwọn horo kéékèèké tó rí bí iyọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti fa omi di jẹ́lì, bí ẹ̀kọ tútù tí ọwọ́ ọmọdé ti fọ́ sínú abọ́. Mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó yẹ̀ fún mi. Irú nǹkan yìí ló fẹ́ tẹ egungun? Ẹ sì wo ibi tó mọ: òkè itan pátápátá. Ẹsẹ̀ tí ẹ ní ó tẹ̀, níbi orúnkún àti ojúgun lẹ ti ń rí i. Pámpáàsì ò débẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé Màámi ò rí nǹkan kan. Ọmọ tó wọ pámpáàsì, àgàgà èyí tó ti tọ̀ kún, máa ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì New York kọ ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ oṣù 13 àti oṣù 19 rìn níhòòhò, wọ́n tún jẹ́ kí wọ́n rìn pẹ̀lú nǹkan nídìí. Tí nǹkan bá wà nídìí wọn, wọ́n máa ń ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ jù, wọ́n sì ń ṣubú jù. Nápíkìn aláṣọ tí àwọn ìyá wa ń yìn kò sì yọ sílẹ̀. Ìrìn ni o, kì í ṣe egungun. Bọ́ ọ kúrò, ìrìn á dára sí i lójú ẹsẹ̀. Èyí ló mú kí a máa fi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níhòòhò fún wákàtí kan lọ́sàn-án, kó máa sáré kiri pálọ̀, kí atẹ́gùn náà fẹ́ sí i nídìí nínú ooru Abẹ́òkúta yìí. A ń nu ìtọ̀ nílẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fẹ̀sùn kan pámpáàsì, ẹ̀sùn ìdí pípọ́n ló wà nílẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó bá pẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ló ń jẹ awọ ọmọ. Ẹ máa pàárọ̀ rẹ̀ ní bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta, ti ìgbẹ́ ní kété tẹ́ ẹ bá ti gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ni. Àmọ́ owó ìpara náà, owó ni.

Ẹsẹ̀ kan wà tí kò yẹ ká jókòó ti ká máa dúró dè. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún 2. Ẹsẹ̀ kan tó tẹ̀ tí èkejì gún. Ọmọ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, tí kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń dùn. Dókítà ló yẹ kó rí irú èyí, kó ya ẹ́sìréè, torí ó lè jẹ́ pé egungun ọmọ náà rọ̀ ni, àìsàn tí wọ́n ń pè ní ríkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ọmọ kan ní àdúgbò wa tí wọ́n bọ́ pámpáàsì rẹ̀ nígbà tó pé ọdún kan, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ á tò. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 4 kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Gbogbo ìgbà yẹn, ìdí ọmọ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Abọ́ oúnjẹ ni mo sọ. Níbi tí oòrùn ò bá ti pọ̀, àìrí oòrùn ló sábà máa ń fa ríkẹ́ẹ̀tì, torí oòrùn ló ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D. Ta ni oòrùn wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta? Tiwa yàtọ̀. Àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Jos tọ́jú ọmọ 123 tó ní in fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D nìkan, àwọn kan ní kálísíọ̀mù, èròjà oúnjẹ tó ń mú egungun le, nìkan, àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù, yálà fítámì D wà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kò sí, ni ara wọn yá ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Kálísíọ̀mù ni oúnjẹ àwọn ọmọ náà kò ní tó. Ẹ ro ti ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú, tó ń mu ògì lásán láàárọ̀, tó ń jẹ láfún lálẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n ti yọ ẹja inú rẹ̀ sí abọ́ bàbá. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a lọ tòun tegungun, síbí kan nínú ògì, kò wọ́n tó ohun tí à ń ná lórí pámpáàsì lọ́sẹ̀ kan. Wàrà náà wà. Mílíìkì wà fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a.

Màámi gba ti ẹja. Wọ́n ní wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ fún wa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí wọ́n ti wẹ ọmọ tán, wọ́n fa àdìrẹ kan tó ti gbó yọ nínú báàgì wọn, wọ́n fẹ́ fi di ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ pọ̀ láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, kó sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀, kó lè tò.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Èyí nìkan ni kẹ́ ẹ má ṣe."

Mo kúnlẹ̀ ti ẹní, mo ṣàlàyé. Orí egungun itan rí róbótó, inú ihò kan ní ìbàdí ló ń jókòó sí, bí ọmọ odó ṣe ń jókòó sínú odó. Nínú ọmọ ìkókó, ihò yẹn ò tíì jìn. Tí itan bá là sọ́tùn-ún sósì, orí egungun á jókòó síbẹ̀ dáadáa. Tí a bá fà á gún tí a dì í pọ̀, ó lè yẹ̀ kúrò, oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì léwu jù. Ní Japan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní 1975 pé kí àwọn ìyá yéé di ẹsẹ̀ ọmọ tuntun pọ̀ ní gígún, iye ọmọ tí ìbàdí wọn ń yẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gidigidi lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí tirẹ̀ bá ti yẹ̀, bẹ́líìtì tó ń la itan rẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń dè mọ́ ọn lára. Kó la itan, ohun tí wọ́n ní pámpáàsì ń ṣe tó fi burú gan-an!

Màámi gbọ́ mi jálẹ̀, wọn ò fèsì. Ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún oorun. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé e sẹ́yìn, wọ́n fi àdìrẹ kan náà pọ̀n ọ́n, wọ́n fi ọ̀já gbà á. Ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ là gbàà sí ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó là ju bí pámpáàsì kankan ṣe lè là á lọ.

Mo nawọ́ sí i. "Màámi, ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ."

Wọn ò wẹ̀yìn. "Ìyẹn yàtọ̀," wọ́n ní, wọ́n sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lọ sí ẹ̀yìnkùlé.