Ẹ Má Sọ Igbó Ọ̀ṣun Di Ọgbà Òdòdó

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo mú àǹtí mi kan tí ó wá kí wa láti Èkó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, wọ́n rí igi ńlá kan tí ó ti wó sínú igbó, tí olú ti hù sí i lára, wọ́n sì bi mí pé, “Ṣé kò sí òṣìṣẹ́ níbí ni?” Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olùṣọ́ igbó ló mọ̀ọ́mọ̀ fi igi náà sílẹ̀.

Títọ́jú igbó yàtọ̀ sí gbígbá àgbàlá. Igi tí ó bá wó dí ojú ọ̀nà ni wọ́n ń gé, kí àwọn olùsìn àti àlejò lè rí ọ̀nà kọjá. Èyí tí ó bá wó sínú igbó, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà, nítorí inú rẹ̀ ni kòkòrò ń gbé, ìjẹrà rẹ̀ ni ó sì ń di ọ̀rá ilẹ̀ fún igi tí ń hù bọ̀. Bí a bá ṣán igbó kí ó lè mọ́ lójú àlejò, oòrùn yóò wọlé, ewé akíntọ́lá yóò sì tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ ewé yìí? Kò fẹ́ ibòòji, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ìmọ́lẹ̀, yóò bo ilẹ̀ kí ọmọ igi tó rí àyè hù. Bí ọyẹ́ bá dé, yóò gbẹ, iná kékeré tí ẹnìkan dá sí oko rẹ̀ yóò sì gba orí rẹ̀ wọ inú igbó. Ní tèmi, ẹ̀gbẹ́ igbó ni ó yẹ kí àdá ti ṣiṣẹ́ kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà rí ohun tí yóò jẹ kọjá.

Ó yẹ kí àwa ará Òṣogbo mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó dúró ti àwọn àwòrò láti gba igbó náà là, àwọn kan ti ń gé igi, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń dọdẹ níbi tí ó ti jẹ́ èèwọ̀. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Inú mi dùn sí orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n orúkọ kì í yọ tàkúté. Olùṣọ́ tí ó jí ní kùtùkùtù, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú hẹ́kítà 75, tí ó ń wo ilẹ̀ bóyá okùn wà lábẹ́ ewé, òun ni ó ń yọ ọ́.

Òun kan náà ni ó ń ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun, nígbà tí Arugbá ti darí sí ààfin, tí gbogbo wa sì ti lọ sílé. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo máa ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àwọn ọ̀bọ, títí di ọjọ́ tí bàbá olùṣọ́ kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí o bá ń fún un, ò ń kọ́ ọ kí ó máa já a gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ fún un ni.” N kò jù ú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹrẹ̀ tí ń sọ omi Ọ̀ṣun di pupa kọjá agbára àwọn olùṣọ́, nítorí òkè odò, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ni ó ti ń bọ̀, ọwọ́ ìjọba ni ìyẹn sì wà. Èyí tí agbára wọn ká ni kí a ràn wọ́n lọ́wọ́ lé lórí. Kí a fún wọn ní bàtà òjò tí ejò kò lè bù jẹ, kí a gba àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sí i, kí àwọn àgbà wọn sì kọ́ wọn ní igi tí à ń gé àti èyí tí à ń fi sílẹ̀. Kí ẹni tí ó bá sì rí igi tí ó wó nínú igbó kọ́kọ́ bi olùṣọ́ ní ìdí tí ó fi wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àǹtí mi ti ṣe nígbà tí a ń padà bọ̀.